Ìyálé Níwájú, Ìyàwó Lẹ́yìn

Ọjọ́ tí Adétáyọ̀ pe ilé láti Amẹ́ríkà pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún àwọn ìyá òun méjèèjì, kòkó ni Màmá Olúrónkẹ́ ń yí lórí ẹní níwájú ilé wọn ní Ìdànrè. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún bó ti máa ń dùn ún, nítorí náà orí àpótí ló jókòó sí, ó ń fi igi gígùn fa kòkó náà síwá sẹ́yìn kí oòrùn lè mú un. Ìbílọlá, ìyàwó tí ọkọ wọn fẹ́ tẹ̀ lé e, wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Adétáyọ̀ wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì yín kì í ṣe irú èyí tí gbogbo èèyàn ń rà o. Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni. Iwájú lẹ máa jókòó sí. Àga ibẹ̀ máa ń di bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó na ẹsẹ̀ yín gbọọrọ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ mi."

"Èmi àti ìyá rẹ?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, Màmá. Ẹ̀yìn ni Àǹtí máa jókòó sí. Agbára mi ò tíì gbé ti ẹni méjì níwájú."

Ẹni tí kò bá mọ ilé wọn lè máa ṣe kàyéfì. Àǹtí tí Adétáyọ̀ ń pè yìí, Ìbílọlá ni, òun ló sì bí i. Olúrónkẹ́ ni ìyálé. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ kí Ìbílọlá tó dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọmọ kò dé. Nígbà tó yá, Olútìmẹ́hìn ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ Ìbílọlá wá láti Atosin, ọmọge tí ẹnu rẹ̀ kì í gbóná, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí nítorí pé kò tíì ní ọmọ tí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pè é. Kí ọdún tó yípo, ó bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìbí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn l'Ákùúrẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó tún pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn Olúrónkẹ́ ni ọmọ wà ní gbogbo àkókò náà. Òun ló ń po wàrà fún un, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló bá a ṣàìsùn nígbà tó ń hu eyín. Ìgbà tí Ìbílọlá padà dé, tó na ọwọ́ sí ọmọ, igbe lọmọ fi bọnu, ó sì ki orí bọ ọrùn Olúrónkẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Olúrónkẹ́ ti di Màmá, tí Ìbílọlá sì wà ní Àǹtí. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló kàn ṣe rí.

Bó bá dun Ìbílọlá, inú ló gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Olúrónkẹ́ rí ohun tó jọ ọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí Adétáyọ̀ gba oyè yunifásítì ni, ayàwòrán pariwo pé, "Ìyá ọmọ dà? Kí ìyá ọmọ bọ́ síbí!" Àwọn méjèèjì ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbílọlá wo ìyálé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà jókòó.

Olúrónkẹ́ fẹ́ràn Ìbílọlá, kò sírọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń dáná sí. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé òun ni Adétáyọ̀ fi síwájú, ohun kan dùn mọ́ ọn nínú tí kò lè sọ jáde. Obìnrin tí wọ́n ti fi ojú àgàn wò rí, tí wọ́n ti fi orin bú láàárín ọjà, ọmọ wá mú un, ó gbé e ga ju ẹni tó rọbí lọ. Ó rọra ń jẹ adùn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń lá oyin.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúrà ni wọ́n, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ìjọ tí gbogbo ìjọ kì í gbọ́. Obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ sọ ọ́ létí Olúrónkẹ́ pé, "Ẹni tó bí i ló tì sẹ́yìn bàálù? Ayé mà yí o!" Ìbílọlá wà nítòsí, ó gbọ́ ọ. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ so, ó ní, "Iwájú tàbí ẹ̀yìn, ṣebí ibì kan náà la jọ ń lọ?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, mọ́tò gbé wọn gba ọ̀nà Owena jáde, wọ́n gba Oǹdó kọjá, wọ́n wọ Èkó, wọ́n sì sùn sọ́dọ̀ àwọn òbí Faith, ìyàwó Adétáyọ̀. Faith ti bímọ obìnrin, Olúwapamílẹ́rìn. Nítorí ọmọ náà gan-an ni ìrìn àjò yìí ṣe wáyé.

Ní pápákọ̀ òfurufú l'ọ́jọ́ kejì, ọ̀nà wọn pín níwájú tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Ìlà kan gùn lọ bí ejò, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ti àpò síwájú díẹ̀díẹ̀. Ìlà kejì kò lérò, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n pe Olúrónkẹ́ sí. Wọ́n gbé àga onítáyà fún un nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní "Màmá" lọ́tùn-ún lósì. Ó jókòó, ó ń wo Ìbílọlá láàárín èrò, pẹ̀lú àpò rẹ̀ tó fi okùn dì, ó sì ń fi ọwọ́ kan bo pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ àyà.

Nígbà tí wọ́n parí gbogbo àyẹ̀wò, wọ́n mú wọn dé ẹnu yàrá ìsinmi kan tí wọ́n ń pè ní láọ̀ǹjì. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wọn wò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, tíkẹ́ẹ̀tì ìyá kejì yìí ò gba ibí o."

"Ẹ wọlé, ìyálé mi," ni Ìbílọlá wí kí Olúrónkẹ́ tó la ẹnu. "Ẹsẹ̀ yín nílò rẹ̀. Èmi á jókòó síta níbí, màá máa wo èrò."

Ó wà lórí ahọ́n Olúrónkẹ́ láti sọ pé kí àwọn méjèèjì jókòó síta. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín. Ṣùgbọ́n orúnkún ń ro ó kíkankíkan, ohun mìíràn tí kì í ṣe orúnkún sì ń fà á wọlé pẹ̀lú. Ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní pẹ́." Ó sì wọlé.

Inú ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àga tó gbà á sílẹ̀ rọ̀ débi pé ó rò pé òun ò ní lè dìde mọ́. Oúnjẹ wà nílẹ̀ lóríṣiríṣi, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè iye tí èèyàn bù. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Obìnrin kan ń jẹun lóun nìkan, ó tẹjú mọ́ fóònù. Olúrónkẹ́ jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín, ó mu tíì. Ó yọ hańkáṣíìfù, ó di búrẹ́dì kékeré díẹ̀ sínú rẹ̀ fún Ìbílọlá. Bó ti fẹ́ fi í sínú báàgì, ojú rẹ̀ kan ti òṣìṣẹ́ kan tó ń kó àwo. Òṣìṣẹ́ náà ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú ti Olúrónkẹ́. Ó tú hańkáṣíìfù náà, ó dá búrẹ́dì padà sínú àwo. Nígbà tó jáde, ọwọ́ òfìfo ló fi jáde.

"Wọ́n tọ́jú yín?" Ìbílọlá béèrè.

"Wọ́n gbìyànjú," ni ó dá a lóhùn, bí ẹni pé ohun tó rí níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Nínú bàálù ó wá rí ohun tó ju ti láọ̀ǹjì lọ. Àga tirẹ̀ dà bí yàrá kékeré kan, ó ní ìlẹ̀kùn kékeré, ó ní ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yọjú wò ó. Ìbílọlá náà kọjá. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan apá àga náà bí ẹni ń tọ́ aṣọ olówó iyebíye wò lọ́jà. "Ó mà dára o, ìyálé mi," ló sọ, ó sì ń lọ. Láìpẹ́, wọ́n fa kọ́tìnì sẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn níwájú ń kẹ́ ẹ bí ẹyin. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, àga na ara rẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì. Olúrónkẹ́ dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, orúnkún náà dákẹ́. Ó rántí Olútìmẹ́hìn, ẹni tó jẹ́ pé bí mọ́tò bá ti sáré díẹ̀ ló máa ń ké sí Jésù. Ẹ̀rín pa á. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ó fi gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà pé báwo ni sísítà òun tó wà lẹ́yìn ṣe ń ṣe. Ọmọbìnrin náà ní àlàáfíà ló wà. Olúrónkẹ́ mọ̀ pé kò lọ wò ó. Ṣùgbọ́n oorun ti ń gbé e lọ, ó sì jẹ́ kó gbé òun.

Ìlú kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti fẹ́ wọ bàálù mìíràn. Adétáyọ̀ ti kìlọ̀ fún wọn dáadáa pé, "Ẹ má jẹ́ kí ojú yín kúrò lára ara yín níbẹ̀ o. Ibẹ̀ tóbi ju Ìdànrè lọ. Màmá, ẹ̀yin lẹ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ọwọ́ yín ni Àǹtí wà." Òótọ́ ni, Ìbílọlá kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rí, ọ̀rọ̀ Ìdànrè nìkan ló sì ń sọ.

Ṣùgbọ́n bí bàálù ti balẹ̀, àwọn èrò iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ti dúró de Olúrónkẹ́ pẹ̀lú àga onítáyà. Olúrónkẹ́ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "My sister, my sister dey come." Ọkùnrin náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yes, yes, coming," ó sì tì í lọ. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ìgbéniròkè, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ kékeré kan tó ń rìn láàárín èrò, ọkọ̀ náà ń ké píìpíì. Kó tó mọ̀ ọ́n, ó ti dé láọ̀ǹjì mìíràn, èyí tó jẹ́ pé àfiwé ti Èkó sí i dà bí yàrá sí ààfin. Omi ń ṣàn lára ògiri. Wọ́n fi ilé ìwẹ̀ hàn án. Ó wẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, ó pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè Ìbílọlá, wọn á ní, "Relax, Mama. We will call you for your flight."

Ó gbà gbọ́ pé wọ́n ń mú un bọ̀. Ó jókòó, ó jẹun. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń wọlé, kò sí Ìbílọlá láàárín wọn. Ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ tutù. Lójijì, ó yé e pé kò sẹ́ni tó ń mú ẹnikẹ́ni bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Ìbílọlá wà láyé, àfi òun.

Ó pe fóònù Ìbílọlá, kò wọlé. Ó lọ bá obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé. Obìnrin náà tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí Màmá lọ jókòó, òun á ránṣẹ́. Olúrónkẹ́ wo àga rírọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ìta tí èrò ti ń wọ́ bí eèrà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Ó rìn títí orúnkún fi ń jó o bí iná. Ó wo gbogbo àga, ó wo ẹnu gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta góòlù àti lọ́fínńdà. Gbogbo obìnrin tó wé gèlè ló ń sáré tọ̀ lọ. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́nà, kì í sì í ṣe àdúrà tó mọ́ tónítóní. "Baba, má jẹ́ kí n lọ bá ọmọ yìí lémi nìkan. Kí ni màá sọ fún un? Pé mo ń jẹun?" Ó rántí búrẹ́dì tó dá padà sínú àwo l'Ékòó, ó sì pòṣé sí ara rẹ̀.

Bó ti yí kọ́nà kan, ó rí bàtà tó pọ̀ níwájú yàrá kan tó ní ìlẹ̀kùn àwọ̀ ewé. Láàárín bàtà olówó ńlá wọ̀nyẹn, sálúbàtà aláwọ̀ elése àlùkò kan wà níbẹ̀, èyí tí ó ti já rí tí wọ́n sì fi okùn dúdú gán. Olúrónkẹ́ mọ okùn dúdú yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló gán an.

Ilé àdúrà àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni. Ìbílọlá ti rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé nínú ìjọ tiwọn ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, ó gbà pé ibikíbi tí àwọn èèyàn bá ti bọ́ bàtà, ilé Ọlọ́run ni, ó sì bọ́ tirẹ̀. Ibi igun kan ló jókòó sí lórí kápẹ́ẹ̀tì, àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbé ètè jẹ́jẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan tó fi aṣọ dúdú bo orí ti fún un ní omi àti dàbínù díẹ̀ nínú bébà.

"Ìbílọlá!"

Ó gbé ojú sókè. "Ìyálé mi! Mo ti rò pé ọkọ̀ tiyín ti gbé yín lọ." Kò sunkún. Olúrónkẹ́ ló sunkún. Ó jókòó pẹ̀lú ìnira sórí kápẹ́ẹ̀tì náà, ó di ìyàwó rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó tó, àwọn èèyàn ń wò wá," ni Ìbílọlá wí, ó ń fi ìdí ìró nu ojú fún un. "Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ tí n kò rí yín, mo tẹ̀ lé èrò. Nígbà tí èrò pínyà, mo dúró. Mo ní bí mo bá ń rìn kiri, ẹni tó ń wá mi kò ní rí mi. Mo wá ibi tí Ọlọ́run á ti lè tètè gbọ́ mi."

"O ti jẹun?"

"Ẹ̀rù oúnjẹ bàálù bà mí. Mo jẹ dàbínù ìyá yìí. Ó dùn."

Olúrónkẹ́ mí kanlẹ̀. "Ìbílọ, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ò bínú sí mi rárá?"

"Lórí kí ni?"

"Lórí iwájú tí wọ́n fi mí sí. Pé èmi tí n kò bí i…"

Ìbílọlá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Táyọ̀ kọ́kọ́ pè mí nígbà tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní èmi lòun fẹ́ fi síwájú, pé òun wo ẹ̀yìn wò, òun ò rí ohun tí òun tíì ṣe fún mi rí. Ó sunkún lórí fóònù. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ìyálé mi ò lè ká kò fún ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kó fi yín síwájú, ẹ̀yìn tó mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Olúrónkẹ́. Ká sọ tòótọ́, owú ló kọ́kọ́ gún un: Táyọ̀ pe Àǹtí kó tó pe òun! Oyin tó ti ń lá láti Ìdànrè, ṣé ọwọ́ Ìbílọlá ló ti wá? Lẹ́yìn náà ni ìtìjú dé, lẹ́yìn ìtìjú, ohun kan tú sílẹ̀ ní àyà rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá tú ọ̀já tí wọ́n ti fún jù. Ó fi ọwọ́ lé èjìká Ìbílọlá, ó ní, "Fà mí dìde. A ti ń lọ."

"Sí ibo?"

"Ibi tí wọ́n ti ń jẹun."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu láọ̀ǹjì, obìnrin ẹnu ọ̀nà wo tíkẹ́ẹ̀tì Ìbílọlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Olúrónkẹ́ kò jẹ́ kó parí. "Madam," ló wí, ó sì ń tọ́ka, "this one and me, one husband. One pikin. If she no enter, I no enter. Bring chair for outside for me." Ó sì dúró ti ìlẹ̀kùn gbagbaagba. Obìnrin náà wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó wo Ìbílọlá tó ti ń yíjú padà láti lọ. Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì Màmá gba àlejò kan, pé Màmá kò kàn béèrè ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́. Láti ìgbà tó ti wọlé, ká ní ààyè àlejò ló béèrè, wọn ì bá ti jẹ́ kó mú un wá.

Ìbílọlá bu oúnjẹ bí ẹni ń bu ti ọlọ́jà tó lè yí ọkàn padà. Ó jẹ ẹran àgùntàn, ó jẹ ẹ̀fọ́ tútù, ó tọ́ ohun funfun kan wò, ó ní ó kan. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó wo omi tó ń ṣàn lára ògiri, ó ní, "Ta ló gbàgbé ẹ̀rọ síbẹ̀?" Olúrónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń sùn fi yíjú. Ó rọ̀ ọ́ pé kó wá lọ jókòó níwájú nínú bàálù kejì. Ìbílọlá kọ̀. "Ẹ wo orúnkún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ pè mí, kí ẹ má wá fi ẹsẹ̀ yẹn rìn mọ́."

Lóòótọ́, nígbà tí bàálù gbéra tán, Olúrónkẹ́ tọrọ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó lọ bá a lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, nítorí àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu nínú oúnjẹ tirẹ̀ lọ. Orúnkún rẹ̀ kan àga iwájú, ó ń kùn. Ìbílọlá fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lé e padà síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Adétáyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Houston, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn òyìnbó. Nílé, Faith kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ kan sí èkejì, kò mọ ẹni tí òun á kọ́kọ́ gbé e fún.

"Gbé e fún Ìbílọlá," ni Olúrónkẹ́ wí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àkókò tó láti wẹ ọmọ, omi gbígbóná ti wà nílẹ̀, Olúrónkẹ́ ti ká apá aṣọ sókè. Ó wá dáwọ́ dúró. Ó wo Ìbílọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ó sì rántí pé obìnrin yìí bímọ, ṣùgbọ́n kò wẹ ọmọ rí láyé rẹ̀. "Wá jókòó," ló wí. Ó fa àpótí fún un, ó tẹ́ aṣọ ìnura sí i lẹ́sẹ̀. "Na ẹsẹ̀ rẹ. Fi ọwọ́ sábẹ́ ọrùn. Má bẹ̀rù, kò ní fọ́." Pamílẹ́rìn bẹ̀rẹ̀ sí ké, Ìbílọlá fẹ́ gbé e padà fún un. Olúrónkẹ́ kò gbà á. "Jẹ́ kó ké. Ọmọ tuntun ló ń ké. Fún omi sí i láyà, rọra." Nígbà tó ṣe, ẹkún lọ sílẹ̀. Ìbílọlá ń fún omi sára ọmọ, omi mìíràn ń ti ojú rẹ̀ já sórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni èwo. Adétáyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Màámi," ló wí, "ẹ kú iṣẹ́."

Ìbílọlá ló ń bá sọ̀rọ̀. Olúrónkẹ́ gbọ́ ọ. Ó fa ìpara ọmọ sún mọ́ tòsí, ó ní, "Bó bá wẹ̀ tán, èyí ni wàá fi pa á."

Wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún. Adétáyọ̀ gbé Olúrónkẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n tọ́jú orúnkún rẹ̀ títí ó fi ń gun àtẹ̀gùn ilé láìdi nǹkan mú. Nígbà tí àkókò àtipadà tó, ó pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní iwájú lọ́tẹ̀ yìí, ti ìyá rẹ̀ ni. Ìbílọlá jiyàn títí, wọn ò gbà fún un. Ó jókòó síwájú. Ṣùgbọ́n bàálù kò tíì lọ jìnnà tí kọ́tìnì fi là, tí orí gèlè kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyálé mi, òtútù pọ̀ níbẹ̀. Àti pé kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kí i, ó di nǹkan mọ́ etí."

"Padà síbẹ̀ kó o lọ sùn!"

"Màá lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo jẹ fún yín."

Nígbà tí wọ́n dé Ìdànrè, ilé kún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gbogbo ìjọ ló wá gbọ́ bí ó ti rí níwájú bàálù. Obìnrin ẹlẹ́nu abẹ náà wà níbẹ̀, ó bi Ìbílọlá léèrè pé ibo ló dára jù lọ nínú gbogbo ibi tó dé.

Ìbílọlá rò ó díẹ̀. "Yàrá ìwẹ̀ ọmọ," ló wí.

Obìnrin náà wo Olúrónkẹ́ kó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Olúrónkẹ́ kò túmọ̀ nǹkan kan. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ omi tútù sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìbílọlá múra láti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Atosin, pẹ̀lú aṣọ tí Adétáyọ̀ rà fún wọn. Ó ti dé ẹnu géètì nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Dúró dè mí," ni Olúrónkẹ́ wí. Ó ti wọ bàtà, ó ti wé gèlè. "Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì, wọ́n ń wá mọ́tò.